Sítóòfù Gáàsì Tí A Ó Gbé Lọ Dáná Níta

Kí ẹ tó ra sítóòfù gáàsì tí ẹ ó máa gbé lọ dáná níta, ẹ kọ́kọ́ ro ohun tí ẹ fẹ́ sè. Èmi, láfún ni mo máa ń rò bí a bá pàgọ́ sétí odò Ògùn. Láfún gba agbára: bí mo bá ti ń fi ọmọrogùn tì í, ìkòkò á máa mì. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ èyí tí orí iná rẹ̀ dúró lórí sílíńdà kílò 3. Ó ga jù. Èyí tó fẹ̀, tó jókòó nílẹ̀, tí rọ́bà so mọ́ sílíńdà, ni mo fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ tíì nìkan, ti orí sílíńdà ti tó.

Ẹ gbé ìkòkò yín dání lọ sí ọjà Láfẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta, ẹ gbé e ka sítóòfù náà, kí ẹ tì í wò.

Nílùú olótútù, irú gáàsì tí wọ́n ń pè ní propane ni wọ́n ń wá, torí butane, irú gáàsì mìíràn, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú òtútù. Ooru Abẹ́òkúta kò jẹ́ kí ìyẹn kàn wá.

Ẹ fi omi ọṣẹ pa ibi tí rọ́bà ti so. Bó bá ń hó, gáàsì ń jò, ẹ má ṣáná rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná nínú àgọ́: èéfín tí kò ṣeé rí, tí kò sì rùn, ń pa èèyàn.