Bí a ṣe lè dáńlóòdù fídíò láìkó fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà

Ní oṣù kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun bá ń lọ lọ́wọ́ ní Òṣogbo, àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi a máa wá fídíò Arugbá kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwa tó wà nílé náà a sì máa fẹ́ tọ́jú tiwa sínú kọ̀ǹpútà. Irú àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá nǹkan kan náà báyìí ni ó máa ń rọrùn fún àwọn oníjìbìtì láti fi orúkọ rẹ̀ pe fáìlì burúkú.

Ibi tí fídíò ti wá ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí ẹ bá mọ ẹni tó yà á, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ránṣẹ́ láti orí Google Drive, tàbí kó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kí àwòrán rẹ̀ má baà ṣú. Tó bá jẹ́ pé orí YouTube ló wà, áàpù YouTube fúnra rẹ̀ fàyè gbà wá láti tọ́jú ọ̀pọ̀ fídíò fún ìgbà tí kò bá sí dátà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú áàpù náà nìkan ni a ti lè wò ó. Lójú tèmi, ọ̀nà wọ̀nyí sàn ju ìkànnì tí a kò mọ olówó rẹ̀ lọ.

Tó bá wá di dandan kí ẹ lo ìkànnì mìíràn, ẹ má kánjú tẹ bọ́tìnnì tó tóbi jù, nítorí ìpolówó ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ gbé máúsì lé e láìtẹ̀ ẹ́. Àdírẹ́sì ibi tó ń gbé yín lọ yóò hàn nísàlẹ̀ lápá òsì. Tí ojú-ìwé kan bá ń pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ ẹ̀rọ yín, irọ́ ni, ẹ pa á dé.

Ìparí orúkọ fáìlì ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Fídíò gidi máa ń parí sí .mp4, .mkv tàbí .webm, èyí tó bá parí sí .exe, .msi, .scr tàbí .bat kì í ṣe fídíò rárá, nǹkan tí yóò ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ni. Windows a sì máa fi ìparí yìí pamọ́, tó fi jẹ́ pé «Arugba.mp4.exe» yóò hàn bíi «Arugba.mp4» lásán. Nítorí náà, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, lẹ́yìn náà Show bí ó bá jẹ́ Windows 11, kí ẹ wá fi àmì sí File name extensions. Ẹ wo bó ṣe tóbi tó pẹ̀lú: fídíò wákàtí kan tó mọ́lẹ̀ kò lè jẹ́ 2MB. Bí ó bá sì jẹ́ fáìlì zip (àpò tí a di fáìlì sí) tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì, ẹ fura, torí ohun tí ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì kò ní lè rí inú rẹ̀.

Fídíò kì í sọ pé kí a fi nǹkan mìíràn sórí ẹ̀rọ kí a tó wò ó. Tí kò bá ṣí, ẹ gba VLC, áàpù tó ń ṣí fídíò, lọ́fẹ̀ẹ́ ní videolan.org. Lórí fóònù, ẹ má gba .apk nítorí fídíò. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ lè máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí yín.

Kí ẹ tó ṣí ohun tí ẹ gbà, ì báà jẹ́ inú fláàṣì tí ẹ gbé lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Ọláìyá ló ti wá, ẹ fi Microsoft Defender, ohun tí ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú Windows, yẹ̀ ẹ́ wò. VirusTotal, ìkànnì tó ń yẹ fáìlì wò bóyá fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, náà ń gba fáìlì tí kò ju 650MB lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbé fídíò ìdílé síbẹ̀, torí àwọn mìíràn lè rí i.

Bí ẹ bá ti tẹ .exe láìmọ̀, ẹ gé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí Defender yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò, kí ẹ sì lo ẹ̀rọ mìíràn láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì àti ti báńkì yín.