Bí mo ṣe tọpa ìjì láti Ìbàdàn dé àárín òkun

Kí n tó gbàgbé gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀. Kádẹ́ẹ̀tì ni mí nígbà yẹn, ìyẹn ọ̀gá ọkọ̀ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, oṣù keje mi lórí omi, inú ọkọ̀ tó ń kó àlìkámà la wà, a ti já ẹrù tán ní Àpápá, ọkọ̀ ti ṣófo, a ń padà sí New Orleans lọ kó òmíì. Oṣù kẹsàn-án sì ni o. Ẹni tó bá mọ Àtìláńtíìkì á ti máa mi orí báyìí, torí láti 1 oṣù kẹfà títí dé 30 oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì ńlá, àmọ́ 10 oṣù kẹsàn-án gan-an ni góńgó ẹ̀, àárín ẹ̀ gan-an la sì fẹ́ gbà kọjá.

Alẹ́ ọjọ́ tá a fa ìdákọ̀ró sókè, Chíìfù Méètì, igbá kejì Kápténì, pè mí sí bríìjì, yàrá òkè tá a ti ń darí ọkọ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Láti òní lọ, ìwọ lo ni ojú ọjọ́. Ìròyìn ìjì yòówù tó bá wọlé, ìwọ lo máa yà á sórí chart, máàpù òkun wa yìí. Tó o bá yà á dáadáa, wàá sùn. Tó ò bá yà á dáadáa, gbogbo wa ò ní sùn." Mo ní ó dáa, sà. Ẹ̀rù bà mí.

Lọ́jọ́ kejì, a ti kọjá Accra, ìyá mi pè mí lórí WhatsApp láti Ìbàdàn. Wọ́n ní ìjì alẹ́ àná ká páànù ilé ìdáná wa, ó gbé e fò kọjá ògiri, àwọn ò tíì rí i. Mo bá wọn kẹ́dùn, mo ní màá fi owó ránṣẹ́. Nígbà tí mo wá fi ṣàwàdà fún Chíìfù pé ìjì ti dé ilé wa kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ sínú ìwé mi. Mi ò bi í pé kí ló dé, mo ṣáà kọ ọ́.

Ṣé ẹ rí i, tẹ́lẹ̀ mo rò pé hurikéènì, ìjì ńlá orí òkun yìí, jẹ́ nǹkan àwọn ará Amẹ́ríkà, pé etí ilé wọn lọ́hùn-ún ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àṣé ọ̀dọ̀ wa níbí ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń gbéra. Sahara gbóná bí ààrò lásìkò òjò, ìhà gúúsù níbi tí òkun àti igbó wà sì tutù jù ú lọ, ìyàtọ̀ yẹn ló ń mú kí afẹ́fẹ́ kan máa ṣàn bí odò lókè lọ́hùn-ún, bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sókè, láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Odò afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣàn tààrà. Láti apá Darfur àti àwọn òkè Ẹthiópíà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò, gbogbo ibi tó bá ti lọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní wave, ó sì máa ń kó òjò àti ìjì rìn bó ṣe ń lọ. Bíi ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn ni wọ́n máa ń kọjá lórí wa. Nǹkan bí 60 ló ń jáde láti Áfíríkà sórí òkun lọ́dún, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló sì ń kú sójú omi láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kó hurikéènì tó le gan-an lórí Àtìláńtíìkì jọ, bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ọmọ wọn. Irma ti 2017 ńkọ́? Ibẹ̀ náà ló ti wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Cape Verde jáde.

Kí ni òkun wá ń fi bọ́ ọ tó fi ń di nǹkan ńlá? Omi gbígbóná ni, ó kéré tán dígírì 26.5, kì í sì í ṣe ojú omi nìkan o, kó gbóná wọlẹ̀ dé bíi mítà 50, torí ìjì ń ru omi sókè, tí abẹ́ ẹ̀ bá tutù ńṣe ló máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ paná ara ẹ̀. Omi á di ooru, á gòkè, á di ìkùukùu, ooru tó gbé gòkè á tú jáde síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á fúyẹ́, èyí tó wà láyìíká á sáré wọlé wá dí àyè. Bó ṣe ń sáré wọlé náà ni yíyí ayé ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fi ń yí bírípo. Ìtì yẹn ò lágbára nítòsí equator, ìlà tó pín ayé sí méjì, ó yẹ kó jìnnà sí i tó bíi dígírì márùn-ún lórí máàpù kó tó ríṣẹ́ ṣe. Èkó wà ní dígírì mẹ́fà ààbọ̀ péré, wave náà ò sì ń dúró dè wá, ó ń bá tiẹ̀ lọ, ìyẹn ni ti páànù fi mọ lọ́dọ̀ wa. Nǹkan méjì ló tún máa ń bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Tí afẹ́fẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ ò bá gbọ́ra wọn yé, á fa orí ẹ̀ ya kúrò lára ọrùn. Èkejì ni eruku Sahara, ẹbí ọyẹ́ wa yìí náà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń wọ inú ẹ̀ lọ tó ń fún un lọ́rùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ eruku nìyẹn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sínú ọkọ̀. Ọjọ́ karùn-ún, aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀, mo wo baromítà, ẹ̀rọ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó, ó ti já láti 1013 millibar tí mo kọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ wá sí 1010. Àyà mi já, mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn Chíìfù, mo jí i lójú oorun, mo ní, "Sà, ó ti ń bọ̀ o!" Ó bá mi gòkè, kò wo ojú ọ̀run rárá, ìwé mi ló ṣí. Ó ní kí n ka ti àná ní aago mẹ́ta fún òun. 1010. Ti ìjẹta ńkọ́? 1010. Àṣé ní apá ibi tá a wà yẹn, afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ máa ń mí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, á ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, á wálẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Má wo bó ṣe já sí ti àárọ̀. Wo bó ṣe rí sí aago yìí kan náà lánàá. Tó bá fi 3 dín, fura. Tó bá fi 5 dín, wá jí mi." Ó padà lọ sùn. Bósùn wa, olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí ọkọ̀, bàbá Ìlàjẹ kan, fi ọ̀rọ̀ yẹn yọ mí lẹ́nu títí a fi dé.

Ọjọ́ keje ni nǹkan wá bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. National Hurricane Center ní Miami, ọ́fíìsì Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ìjì, kọ́kọ́ ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣeé ṣe kí wave kan tó wà lápá àríwá wa di nǹkan, àárọ̀ ogójì, alẹ́ ọgọ́rin, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ ó ti di depression. Orúkọ tí wọ́n ń pe tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò bá tíì dé 34 nọ́ọ̀tì nìyẹn, nọ́ọ̀tì kan sì jẹ́ máìlì òkun kan ní wákàtí kan. Láti 34 dé 63 ó di tropical storm, wọ́n á fún un lórúkọ, 64 sókè ni hurikéènì. Láti ìgbà tó ti di depression, ìròyìn ẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, aago 3, 9, 15 àti 21, aago UTC o, ìyẹn aago kan náà tí gbogbo ayé jọ fi ń ṣírò.

Aago UTC yìí ló dójú tì mí. Mo mú pẹ́ńsù, mo yà ibi tí ìjì wà ní aago 15, mo yà ibi tí àwa náà wà ní aago 15, mo ṣírò bó ṣe jìnnà sí wa, mo fi ruler gbé e mọ́lẹ̀ dáadáa, inú mi ń dùn. Chíìfù dúró lẹ́yìn mi. "Aago 15 ta ni?" Mo wo aago ògiri bríìjì. Aago ọkọ̀ wa fi wákàtí mẹ́ta wà lẹ́yìn UTC. Ìjì tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́kanrí ni mo gbé pàdé ọkọ̀ tí kò ní í dé ibi tí mo yà á sí títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ní 13 nọ́ọ̀tì tá à ń sá, máìlì 39 ni mo fi purọ́ fún Kápténì lórí ìwé. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.

Ó wá sọ̀rọ̀ El Faro fún mi. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó gbéra láti Jacksonville tó ń lọ sí San Juan, tó rì nínú Hurricane Joaquin ní 1 oṣù kẹwàá 2015 nítòsí Bahamas, èèyàn 33, ẹnì kan ò yè. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí, ara ohun tí wọ́n rí ni pé ìròyìn tí kápténì wọn ń wò ti pẹ́ ní wákàtí mélòó kan kó tó dé iwájú ẹ̀. Chíìfù ní, "Ibi tí ìjì wà lánàá ló mọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, aago ni mo ń kọ́kọ́ kọ sórí gbogbo ohun tí mo bá yà.

Bí a ṣe ń yà á rèé. Ìròyìn yẹn máa ń sọ ibi tó ṣeé ṣe kí ìjì wà lọ́la, lọ́tùnla àti lọ́jọ́ kẹta, àti bí afẹ́fẹ́ 34 nọ́ọ̀tì ẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mú èyí tó fẹ̀ jù, fi 100 máìlì kún ti ọjọ́ kìíní, 200 kún ti ìkejì, 300 kún ti ìkẹta, torí àwọn tó ń sọ tẹ́lẹ̀ náà lè ṣì í. Tiwa, 90 ló wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kìíní, ó di 190. 120 fún ìkejì, ó di 320. 150 fún ìkẹta, 450. Mo fi kọ́ńpáàsì yí i pó, odindi chart fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìlà tá a fẹ́ gbà kọjá sì wọ inú èyí tó wà láàárín, ó wọ̀ ọ́ dáadáa.

Kápténì, ará Íńdíà ni, wò ó fún bí ìṣẹ́jú méjì. Èmi rò pé á ní ká sáré kọjá níwájú ẹ̀. Ó ní rárá, iwájú ìjì kì í ṣe ojú títì téèyàn ń fò. Lápá òkè equator tá a wà, òdì sí ọwọ́ aago ni ìjì ń yí, torí náà apá ọ̀tún ọ̀nà tó ń tọ̀ ló burú jù, ibẹ̀ ni eré ẹ̀ ti ń kún agbára afẹ́fẹ́ ẹ̀, tó sì tún ń ti ọkọ̀ bọ́ síwájú ẹ̀. Apá òsì, tó jẹ́ gúúsù fún wa, ló ṣeé fara dà. A bá dín eré kù sí 9 nọ́ọ̀tì, a yí orí ọkọ̀ sí gúúsù díẹ̀, ká lè gba apá Grenada wọlé, ká jẹ́ kó lọ síwájú wa.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, bósùn ló kọ́kọ́ rí i, kò tiẹ̀ wo ìwé kankan. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ó ní, "Àbúrò, ka ìgbì yẹn fún mi." Mo fi aago ọwọ́ kà á: ìṣẹ́jú àáyá 13 láàárín ọ̀kan sí èkejì, ó ń ti àríwá ìwọ̀ oòrùn bọ̀, ó gùn, ó ń dán, kò sí ìfófòó kankan lórí ẹ̀. Àwọn tá a ti ń rí tẹ́lẹ̀ ò ju bíi 7 lọ, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti ń wá. Kó tó di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ tó ti ń ti ẹ̀yìn lé wa láti ọjọ́ yìí wá dákẹ́, ó padà wá ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, iwájú wa gan-an. Chíìfù ní kí n kọjú sí afẹ́fẹ́ yẹn, kí n na ọwọ́ ọ̀tún, apá ibẹ̀ ni àárín ìjì wà. Ọwọ́ mi nà sí àríwá ìwọ̀ oòrùn. Ibẹ̀ ni mo yà á sí lórí chart. Mo dúró síbẹ̀ tọwọ́tọwọ́, ọkọ̀ ń yí gbirigbiri lábẹ́ mi, òjò ń nà mí lójú, mo ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè.

Ó di storm lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kọjá sókè lọ. Ohun tó kàn wá ni òjò, ọkọ̀ tó ń fì, àti kúùkù tó ń ṣépè.

Ìgbà tí ara wá balẹ̀ ni Chíìfù ní kí n mú ìwé mi wá, kí n ṣí ọjọ́ tó ní kí n kọ sílẹ̀. Ó ka ọjọ́ láti ìgbà tí ìjì ká páànù wa: ọjọ́ méje sí ìgbà tó di depression. Wave máa ń rìn tó bíi dígírì mẹ́fà sí méje lóòjọ́. Láti Ìbàdàn dé ibẹ̀, dígírì 44. Ó gbé pẹ́ńsù lélẹ̀, ó ní kí n lọ sùn.

Nígbà tí mo pe ìyá mi, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn, pé òjò tó já lé wọn lórí ti tán síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wave tó gbé e wá ló jọ pé ó tẹ̀ lé wa dé àárín òkun. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o wá rí páànù wa lọ́hùn-ún?"