Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni eku láàbù yín àbí ọlọ́wọ́ ọ̀tún

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ti Robert Collins, Jackson Laboratory ní Maine, l'Amẹ́ríkà, ló ti ṣiṣẹ́, 1968 ló gbé e jáde. Ẹ wá àpótí rọ́bà kékeré tó mọ́ gaara, èyí tí eku kan á gbà sí tí ò ní ráyè sáré kiri, ẹ lu ihò síwájú ẹ̀, ẹ ki túùbù tóóró bọ̀ ọ́, kó má gbà ju ọwọ́ kan lọ, ẹ wá kó oúnjẹ sínú túùbù yẹn. Àárín gan-an ni kí túùbù wà o, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n! Nígbà tó yá Collins mọ̀ọ́mọ̀ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn eku náà bá tẹ̀ lé ibi tó sún un sí. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àpótí lẹ̀ ń wọ̀n, kì í ṣe eku.

Ebi gbọ́dọ̀ máa pa á díẹ̀, torí náà ẹ gbé oúnjẹ kúrò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi omi sílẹ̀, ìwúwo ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ já wá sísàlẹ̀ ìdá 85 nínú 100 ìwúwo tó ní tẹ́lẹ̀ (kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ ẹranko níbi iṣẹ́ yín ná).

Ẹ wá ka ìgbà 50 tó na ọwọ́ wọnú túùbù. Tó bá kàn fọwọ́ kan ẹnu túùbù, ẹ má kà á. Ẹ ya fídíò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rántí pé eku tó bá kọjú sí yín, ọwọ́ òsì ẹ̀ ló wà lápá ọ̀tún yín, ẹ yáa kọ Ọ̀TÚN àti ÒSÌ sára àpótí kó tó wọlé.

Tí ọ̀tún bá tó 33 sókè, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni, 17 wá sísàlẹ̀, ọlọ́wọ́ òsì, èyí tó wà láàárín ò yàtọ̀ sí kéèyàn máa ju kọ́ìnì sókè.

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n á ro iye ọ̀tún gbogbo eku pọ̀, wọ́n á fi iye eku pín in, wọ́n á rí nǹkan bíi 25, wọ́n á ní eku ò ní ọwọ́ tó yàn láàyò. Irọ́ ni! Nínú àwọn eku Collins, bí ìdajì ló ń lo òsì, ìdajì ń lo ọ̀tún, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di tiẹ̀ mú gírígírí. (Kò kúkú sẹ́ni tó ń gbá wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n fọ̀tún gba oúnjẹ.) Torí náà ẹ yọ òsì kúrò lára ọ̀tún, ẹ fi àpapọ̀ méjèèjì pín in: àmì ìyọkúrò ń sọ ẹ̀gbẹ́ (tó bá wà níbẹ̀, òsì ni), nọ́ńbà fúnra ẹ̀ ń sọ bó ṣe le tó, ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ míì, kẹ́ ẹ fún ẹlòmíì ní fídíò kó kà á láì mọ iye tẹ́ ẹ kà.