Fèrèsé tí o kò ṣí, o kò lè tì í: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwa tá a ń kọ kóòdù

Àárọ̀ ọjọ́ ìwọlé ni akápò ilé-ìwé kan pè mí. "Ẹ̀ńjíníà, àwọn òbí ti sanwó o, rìsíìtì ò jáde." Mo tẹ bọ́tìnnì náà lórí kọ̀ǹpútà tèmi nílé, rìsíìtì yọ kíá. Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe é, mà. Wọ́n ní kí n wá fojú ara mi rí i. Mo débẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró, mo dúró, kò sí nǹkan kan, àfi àmì pínníṣín kan tó yọ lápá ọ̀tún lókè, níbi àpótí àdírẹ́sì: Chrome ti dí fèrèsé tuntun tí rìsíìtì yẹ kó yọ sí. Àwọn òbí sì ti tò sẹ́yìn mi.

Kóòdù kan náà ni, bọ́tìnnì kan náà. Nẹ́tíwọ̀kì ló yàtọ̀. Ohun tí mo kọ nìyí, tó ń kọ́kọ́ fi fetch béèrè líǹkì rìsíìtì lọ́wọ́ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn fún ojú-ewé) kó tó fi window.open ṣí fèrèsé:

botini.onclick = async () => {
  const esi = await fetch('/risiti/' + nomba);
  const data = await esi.json();
  window.open(data.url);
};

Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, bùráúsà máa ń ka títẹ̀ yẹn sí àṣẹ, àmọ́ àṣẹ náà kì í pẹ́ kú. Lórí Chrome, nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 5 ni. Nílé mi, sáfà ń dáhùn kí n tó ṣẹ́jú. Ní ilé-ìwé yẹn, ó ń gbà tó sẹ́kọ́ńdì 8. Kí ìdáhùn tó dé, àṣẹ ti kú, fèrèsé tí ẹnikẹ́ni ò pè ni bùráúsà sì rí. Safari orí iPhone tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, má ṣe bi sáfà ní ohunkóhun kó o tó ṣí fèrèsé. Ṣí i lófìfo lẹ́sẹ̀ kan náà tí ọwọ́ bá kan bọ́tìnnì, kó o wá darí rẹ̀ nígbà tí ìdáhùn bá dé:

  const ferese = window.open('', '_blank');
  const esi = await fetch('/risiti/' + nomba);
  const data = await esi.json();
  ferese.location = data.url;

Kọ "Ẹ jọ̀ọ́, rìsíìtì ń bọ̀" sínú fèrèsé òfìfo yẹn, torí bó bá funfun báláú, wọ́n á tì í kí rìsíìtì tó dé. Bí sáfà bá kọ̀, ìwọ ni kó o fi ferese.close() tì í.

Má bínú sí bùráúsà. Ẹni tó bá lo sàíbà-kafé ní nǹkan bí ọdún 2002 á rántí fèrèsé ìpolówó: o ti ọ̀kan, méjì yọ. Ethan Zuckerman, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ irú kóòdù bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní Tripod, ilé-iṣẹ́ ìkànnì kan, tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́dún 2014. Gbèsè wọn là ń san.

Àṣìṣe tó sún mọ́ èyí ni ká má wo ohun tí window.open dá padà. Bí wọ́n bá dí i, null (ìyẹn pé kò sí nǹkan) ló ń dá padà, ìlà tó tẹ̀ lé e á sì fọ́. Bó bá jẹ́ null, gbé líǹkì lásán síwájú èèyàn kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá fi noopener sí i, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń já fèrèsé tuntun kúrò lára ojú-ewé tó ṣí i, null náà ló máa dá padà bí fèrèsé tilẹ̀ ṣí. Mo ti rí áàpù tó ń kígbe "Ẹ gba pop-up (fèrèsé tó ń yọ) láyè!" nígbà tí ìwé tí wọ́n ń wá ti wà níwájú wọn gbangba.

Èmi ò ní ká má lo noopener o. Bó bá jẹ́ ojú-ewé ẹlòmíràn lò ń ṣí, ó lè gba ọ̀nà window.opener darí ojú-ewé tìẹ tó wà lẹ́yìn lọ síbòmíràn, kí kọsítọ́mà padà wá bá ojú ìwọlé ayédèrú tó jọ tìẹ gẹ́lẹ́. Láti Chrome 88, lọ́dún 2021, líǹkì tó ní target="_blank" ti ní ààbò yìí fúnra rẹ̀. window.open kò ní in.

Ó wá ku títì. Ọ̀gá kan ní kí bọ́tìnnì "Jáde" ti táàbù náà pátápátá. Mo kọ window.close(), kò mira. Chrome kàn kọ ọ́ sínú console, ibi tí bùráúsà ń kọ àṣìṣe sí, pé kóòdù kò lè ti fèrèsé tí kóòdù kò ṣí. Táàbù tí ìtàn rẹ̀ kò ju ojú-ewé kan lọ lè gbà, èyí ló ń tan èèyàn jẹ nígbà ìdánwò: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé, tí wọ́n ti rìn kiri, ó parí. Ọgbọ́n àtijọ́ yẹn, window.open('', '_self').close(), má ṣe gbójú lé e. Pa ìwọlé wọn rẹ́, kó o fi ojú-ewé kan hàn pé "Ẹ ti jáde, ẹ lè ti táàbù yìí."

Èyí tó ń dun àpò ni ká sọ pé fèrèsé báńkì ti tì, owó ti wọlé nìyẹn. Èèyàn lè tì í torí pé káàdì kọ̀. Ojú-ewé báńkì náà lè lo Cross-Origin-Opener-Policy, òfin tó ń já a kúrò lára ojú-ewé tó ṣí i, kí ferese.closed máa sọ pé true nígbà tí ẹni náà ṣì ń tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Sáfà rẹ ni kó béèrè lọ́wọ́ sáfà wọn.

Bákan náà, má ṣe dúró de beforeunload (ìkìlọ̀ pé ojú-ewé fẹ́ tì) kó o tó tọ́jú máàkì tí tíṣà ń kọ sórí fóònù. Wọ́n á fi ìka gbá áàpù dànù, kò ní ṣiṣẹ́. Tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, fi sendBeacon ránṣẹ́ nígbà tí visibilitychange bá sọ pé ojú-ewé ti pamọ́.

Ní báyìí, mo ti fi ìdúró sẹ́kọ́ńdì 10 sínú sáfà tí mo fi ń dánwò nílé, inú pírófáìlì Chrome tuntun ni mo sì ti ń tẹ bọ́tìnnì, níbi tí n kò tíì gba pop-up kankan láyè.