Afárá Pákó fún Ẹlẹ́sẹ̀ Lórí Odò Oko

Bèbè ni afárá pákó ti máa ń bàjẹ́, kì í ṣe àárín. Omi á máa jẹ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ afárá díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi dà sódò pẹ̀lú pákó tí kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí iṣẹ́ yín pọ̀ sí etí odò ju orí omi lọ.

Ibi tí odò ti gún tí ó sì há ni kí ẹ wá. Ẹ yàgò fún ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà, torí bèbè tó wà lóde kọ́nà ni omi máa ń gbá, kò sì ní yé ya. Ẹ wo ara àwọn igi tó wà létí odò: ibi tí pàǹtí há sí, tí ẹrẹ̀ sì gbẹ mọ́ èèpo, ni omi dé nígbà tó kún jù. Abẹ́ afárá gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 1, ó kéré tán, ga ju àmì yẹn lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ nílò ìwé àṣẹ kí ẹ tó kọ́ nǹkan sórí odò. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ra pákó.

Ká ní odò fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹ sún ìpìlẹ̀ sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ́tùn-ún lósì, àlàfo á wá di 12. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 14 lẹ ó lò, kí ẹsẹ̀ bàtà 1 ní ìdí kọ̀ọ̀kan lè jókòó sórí kọnkéré. Ohun tí ẹ ó rà:

- pákó líle íǹṣì 2 × 12, ẹsẹ̀ bàtà 14: mẹ́ta
- pákó 2 × 6, ẹsẹ̀ bàtà 12: mẹ́jọ, fún ìtẹ̀lẹ̀ (ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin)
- pákó 2 × 10, ẹsẹ̀ bàtà 8: ẹyọ kan, fún ìdábùú
- síìmẹ́ǹtì kílò 50: àpò 2
- skúrù íǹṣì 3 tí kì í dípẹtà: 200

Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti bárò ni afárá yìí lè gbà. Ẹ má gbé mọ́tò tàbí katakata gùn ún. Ti ìyẹn gba ẹnjiníà.

Ní bèbè kọ̀ọ̀kan, ẹ gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn àti 1 ní fífẹ̀, kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣì rọ̀, ẹ gbẹ́ ẹ sí i. Ẹ da òkúta sí i ní íǹṣì 6, ẹ gún un kó le, kí ẹ wá da kọnkéré ẹsẹ̀ bàtà 1 lé e: síìmẹ́ǹtì bọ́kẹ́ẹ̀tì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Bí ẹ bá fi ṣọ́bìrì gé e, ojú ibi tí ẹ gé gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá ń ṣàn padà, omi ti pọ̀ jù, kọnkéré náà kò sì ní le dáadáa. Kó tó le, ẹ ri irin sí i tí yóò yọ íǹṣì 4 sókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì ibi tí pákó yóò wà, kí afárá má bàa yẹ̀. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ 7.

Ọjọ́ tí ẹ ó gbé pákó ni ẹ nílò àwọn ọ̀rẹ́ jù. Pákó gígùn kan lè wọn kílò 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni mẹ́rin ni kó gbé e, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sínú omi lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo etí pákó láti ìdí dé òpin: ibi tó bá ta sókè bí ọrun ni kí ẹ kọ sókè. Bí ẹ bá dà á dé, àárín afárá á máa rọ̀.

Ẹ fi etí gbé pákó gígùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, ẹ tò wọ́n kí wọ́n fẹ̀ ní íǹṣì 34 láti òde dé òde. Ẹ fi rọ́bà táyà sáàárín igi àti kọnkéré, torí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ti máa ń jẹ igi. Ẹ gé pákó ìdábùú sí mẹ́fà, ẹ kan án sí àlàfo tó wà láàárín àwọn pákó gígùn, méjì-méjì ní ìdí méjèèjì àti ní àárín afárá; láìsí wọn, pákó gígùn á dojú bolẹ̀. Gbogbo ojú tí ẹ bá gé ni kí ẹ fi oògùn ikán kùn lórí ilẹ̀, kí ó sì gbẹ kó tó dé orí omi. Ẹ má lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: ẹja àti àwọn tó ń pọn omi nísàlẹ̀ odò ni yóò pa lára.

Bí ẹ bá ń to pákó ìtẹ̀lẹ̀, ẹ ki ìṣó kan bọ àárín méjì, kí ẹ dè wọ́n, kí ẹ yọ ọ́. Àlàfo yẹn ni omi òjò á gbà jò. Skúrù méjì-méjì ni kí ẹ fi sí ibi tí pákó ìtẹ̀lẹ̀ ti pàdé pákó gígùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì adìẹ sórí rẹ̀, torí pákó tútù máa ń yọ̀ gan-an.

Ní ìparí, ẹ fi ṣéènì so ìdí kan ṣoṣo mọ́ igi tó lágbára ní apá òkè odò. Bí omi bá gbé afárá, yóò yí lọ sí etí bèbè, ẹ ó sì rí i fà padà. Bí ẹ bá so ìdí méjèèjì, á di ìdènà tí pàǹtí yóò kó sí, omi á sì wó bèbè fún yín. Lẹ́yìn ìkún omi kọ̀ọ̀kan, ẹ kó pàǹtí kúrò, ẹ wo ẹ̀yìn kọnkéré bóyá ilẹ̀ ti ń ṣí, kí ẹ sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ ìdí pákó. Ibi tí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́ ti jẹrà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún gùn ún.