Òdòdó ṣẹ́rì ti Washington: bẹ́ ẹ ṣe máa bá a lórí igi, kì í ṣe nílẹ̀

Ọdọọdún làwọn èèyàn máa ń bi mí pé ọjọ́ wo gan-an ni kí wọ́n wá sí D.C. wá wo òdòdó ṣẹ́rì, ohun kan náà ni mo sì máa ń sọ, pé òdòdó yẹn ò mọ kàlẹ́ńdà o. Maryland níbí ni mo ń gbé, kò jìnnà rárá, síbẹ̀ mo ti pẹ́ dé rí. Òjò àti atẹ́gùn ló ṣáájú mi, ìgbà tí mo fi máa dé etí omi gbogbo ẹ̀ ti wà nílẹ̀, èyí tó bọ́ sómi sì léfòó funfun bí èèpo gààrí. Ó dùn mí débi pé látìgbà yẹn igi ni mo ń tẹ̀lé, mi ò tẹ̀lé ọjọ́ mọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú igi ṣẹ́rì tí wọ́n ń pè ní Yoshino ló pọ̀ jù létí Tidal Basin, ìyẹn adágún omi tí wọ́n gbin igi náà yí ká, National Park Service tó ń tọ́jú wọn sì sọ pé tí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún òdòdó wọn bá ti là, ó ti dé peak bloom nìyẹn. Ó sábà máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kẹta sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin, àmọ́ lọ́dún 1990 ọjọ́ 15 oṣù kẹta ló ti là, lọ́dún 1958 ó di ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, ẹ ẹ̀ rí i pé ó ju oṣù kan lọ láàárín méjèèjì! Tí ooru bá tètè dé á yá, tí òtútù bá ṣì mú á falẹ̀. Torí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni kẹ́ ẹ ti máa wo wẹ́ẹ̀bù wọn, wọ́n máa ń sọ ibi tí ìrudi dé. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni puffy white, ìyẹn ìgbà tí ìrudi ti wú funfun bí òwú tó fẹ́ là. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, ó ku bí ọjọ́ 4 sí 6, ẹ gbé báàgì yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní New York, Philadelphia tàbí Baltimore, ẹ lè dúró dìgbà yẹn. Ẹ kàn gba hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n á dá owó yín padà tẹ́ ẹ bá yí ọjọ́ padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ láti London tàbí Èkó lẹ ò lè dúró, tiyín ni pé kẹ́ ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, láti nǹkan bí ọjọ́ 26 oṣù kẹta lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú máa ń gbówó lórí lásìkò náà, ẹ wá ibùsùn lẹ́bàá Metro, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin ìlú, ní Silver Spring, New Carrollton tàbí Arlington. Tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Maryland, ẹ pè wọ́n o, ẹ má lọ sun hòtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé mọ́tò lọ, ẹ ò ní rí ibi páàkì. Ẹ wọ Metro, ẹ sọ̀ ní Smithsonian, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé etí omi. Kẹ́ ẹ sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ní kùtùkùtù. Aago mẹ́fà ààbọ̀ lèmi àti màmá mi débẹ̀ lọ́dún tí wọ́n wá kí wa, ojúmọ́ ń mọ́ bọ̀, omi dúró jẹ́ẹ́, ẹ máa rí òdòdó lókè ẹ tún máa rí i nínú omi. Màmá mi kọ́kọ́ bi mí pé kí ni igi yìí ń so, mo ní èso ẹ̀ kéré, kò ṣeé jẹ, wọ́n ní háà, gbogbo òdòdó yìí! Wọ́n na ọwọ́ kí wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka kan, mo yáa dì wọ́n mú torí òfin ò gbà kéèyàn já a. Ni wọ́n bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ẹ̀, wọ́n dúró títí márùn-ún fi já bọ́ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n kó o sáàárín Bíbélì wọn, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí igi méjì àkọ́kọ́, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ òpópónà 17th Street, nítòsí ère John Paul Jones. Helen Taft, ìyàwó ààrẹ ìgbà náà, àti ìyàwó aṣojú Japan ló gbìn ín lọ́jọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1912. Ìgbà kejì tí Japan máa fi igi ránṣẹ́ nìyẹn o, 2,000 tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá lọ́dún 1910, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, wọ́n dáná sun ún, Japan ò bínú, wọ́n tún fi 3,020 ránṣẹ́. Mo máa ń rò ó tí mo bá dúró níbẹ̀.

Yíyí omi náà po tó máìlì méjì, bàtà tó rọra ni kẹ́ ẹ wọ̀. Atẹ́gùn etí omi tutù láàárọ̀, ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì, kẹ́ni tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó máa ń mú sín lo oògùn ẹ̀ kó tó jáde. Lọ́dún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ògiri etí omi ṣe, wọ́n gé igi ṣẹ́rì tó lé ní ọgọ́rùn-ún torí ẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n dí ibì kan.

Tẹ́ ẹ bá pẹ́ dé ńkọ́? Ẹ má sunkún, irú igi ṣẹ́rì mìíràn tí wọ́n ń pè ní Kwanzan máa ń là ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Yoshino, ó wà ní East Potomac Park, òdòdó tiẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì nípọn, ìpele lórí ìpele. Èmi tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ torí èrò ò pọ̀.

Ẹ máa parí kó tó di aago mẹ́wàá. Ẹ padà sọ́nà Smithsonian, kẹ́ ẹ yà sí National Museum of African Art, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní abọ́ kan tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́, àwọn ère tó kúnlẹ̀ ló gbé abọ́ náà dúró, orí kan sì wà láàárín wọn tó ń yí gbirigbiri, tí ò ṣeé yọ jáde, igi kan ṣoṣo ló fi gbẹ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n gbé e síbi téèyàn ti lè wò ó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ.