Bí A Ṣe Ń Wádìí Ibi Ìrànlọ́wọ́ fún Ẹni Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Fi Ènìyàn Ṣòwò

Ẹni tí wọ́n fi ṣòwò ní Líbíà tàbí Mali, tó sì padà wálé, kì í sábà ní agbára láti máa pe ilé iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ ló máa ń bá a ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fẹ́, ẹ má sì fi ipá mú un sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹlòmíràn ń wá ibi tí yóò sùn, ẹlòmíràn ń wá dókítà, ẹlòmíràn kò sì fẹ́ ju ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdá a lẹ́bi.

Bí àwọn tó mú un lọ bá ṣì ní nọ́mbà rẹ̀, ẹ lo fóònù ẹlòmíràn tó ṣeé fọkàn tán. Ẹ má gbé orúkọ tàbí àwòrán rẹ̀ sórí Facebook, bó ti wù kí àánú ṣe yín tó.

Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ni ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Àbújá, Èkó, Òṣogbo àti Benin, wọ́n ní ilé ààbò, 627 sì ni nọ́mbà tí a ń pè lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé wọn yóò ti àwọn mọ́lé nítorí ìwé ìrìnnà ayédèrú, ṣùgbọ́n òfin ọdún 2015 là á sílẹ̀ pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ fi ẹni tí a fi ṣòwò sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí òwò náà mú un ṣe. Bí ó bá jẹ́ IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, ló fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e wálé, ẹ bi wọ́n nípa ètò ìtúnbẹ̀rẹ̀ ayé. Ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ lè lọ sí Mirabel Centre ní Ìkẹjà. Ní Benin, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ló ń bójú tó COSUDOW, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn obìnrin tí a fi ṣòwò lọ́wọ́. Ẹni tó bá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè pe 08000 121 700, nọ́mbà ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí a fi ṣòwò níbẹ̀.

Ìpè yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé ìpè yín àti ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì bèèrè: Ṣé ọ̀fẹ́ ni? Ṣé ó lè mú ọmọ rẹ̀ dání? Ṣé ó lè jáde nígbà tó bá wù ú? Ta ni yóò tọ́jú fóònù rẹ̀? Ṣé dandan ni kí ó kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá? Ṣé ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ wà níbẹ̀? Ibi tó bá ní àfi kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ fún àwọn tó ń fún wọn lówó, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ àjọ aládàáni kan, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè nípa ìbúra tí àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò máa ń mú ọmọbìnrin ṣe. Wọ́n ti gba irun àti èékánná ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní ojúbọ kí wọ́n tó kúrò nílé, ẹ̀rù rẹ̀ sì lágbára ju ẹ̀rù ọlọ́pàá lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Benin kéde pé òun ti tú àwọn ìbúra náà ká, ìròyìn yìí sì ti fi ọkàn ọ̀pọ̀ balẹ̀. Olùdámọ̀ràn tó bá fi ìbẹ̀rù yìí ṣe yẹ̀yẹ́ kò lè tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti rí ibi méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ sí i létí, kí òun fúnra rẹ̀ sì yàn. Bí ó bá ní kò tíì yá, ẹ tọ́jú ìwé náà, kí ẹ sì tún pe ibẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ, nítorí ilé ààbò máa ń kún.